Dírẹ́bà Tí Ilé-Ìwé Mowe Ń Wá

Mo rántí bí dísìkì yẹn ṣe máa ń dún bí a bá tan kọ̀ǹpútà náà. Á kọ́kọ́ kùn, á wá han gooro bí ẹ̀rọ ìlọta tí kò tíì rí ata. Gbogbo wa là ń gbọ́ ọ. Línúsì nìkan ni kò gbọ́.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní pólì nígbà náà, lẹ́yìn tí ọdún 2000 ti lé díẹ̀. Mo wà lọ́dọ̀ ìyá mi ní Ibafo, mò ń jẹ, mò ń sùn, ojú sì ti ń tì mí. Màmá kan tó ní ilé-ìwé ní Mowe gba kọ̀ǹpútà àlòkù kan lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀ tó wà lókè òkun. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ló ń lò ó nígbà ayé rẹ̀. Ó wúwo bí àpò sìmẹ́ńtì, kò sì sí nǹkan kan mọ́ nínú dísìkì tó ń kó nǹkan pamọ́ sí. Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, Línúsì, ètò tó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, wà lọ́wọ́ mi nínú sídì, ọ̀fẹ́ ni, yóò jí òkú ẹ̀rọ náà dìde. Màmá ilé-ìwé ní bó bá ṣiṣẹ́ kí ilé-ìwé tó wọlé, èmi ni tíṣà kọ̀ǹpútà wọn. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ tèmi ni àwọn àgbà ń bá wí.

Mo ti sídì bọ̀ ọ́, ó ṣe díẹ̀, Línúsì kọ ọ́ síwájú mi pé òun ò rí dísìkì kankan. Káàdì kan ló wà láàrin ẹ̀rọ àti dísìkì, òun ló ń darí dísìkì. Ẹni tí kò bá gbọ́ èdè káàdì yìí kò lè bá dísìkì sọ̀rọ̀. Ètò kékeré tó ń ṣe ògbufọ̀ láàrin wọn là ń pè ní dírẹ́bà, Línúsì tèmi kò sì ní ti káàdì àtijọ́ yẹn. Mò ń lọ sí kafé, mò ń wá a lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Èyí tí mo rí kò bá Línúsì mi mu. Èyí tó bá a mu, dísìkẹ́ẹ̀tì tí mo fi gbé e ti bà á jẹ́ kí n tó dé ilé-ìwé.

Ìyá mi bi mí ìdí tí mi ò fi jẹun dáadáa mọ́.

“Dírẹ́bà ni ò sí, Màmá. Tá a bá ti rí dírẹ́bà, ó parí.”

“Ní Mowe níbẹ̀?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

Ìyá mi kì í fọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ falẹ̀. Ní ìpàdé àdúrà, ó dìde, ó ní ilé-ìwé kan ní Mowe ń wá dírẹ́bà, iṣẹ́ ọmọ òun sì rọ̀ mọ́ ọn. Wọ́n gbàdúrà náà kíkankíkan.

Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ní ọ́fíìsì màmá ilé-ìwé nígbà tí bàbá kan wọlé láti Àgbàdo, láísẹ́ǹsì rẹ̀ nínú ọ̀rá.

“Ẹ káàárọ̀, mà. Wọ́n ní ẹ ń wá dírẹ́bà.”

Màmá ilé-ìwé kọjú sí mi. “Ṣé ìwọ lo ránṣẹ́ sí wọn?”

“Rárá, mà. Dírẹ́bà dísìkì ni mò ń wá.”

“Mo lè wa bọ́ọ̀sì, mo lè wa tírélà, mà,” ni bàbá náà wí. “Dísìkì yẹn ni mi ò tíì wà rí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n gbìyànjú ẹ̀.”

Bọ́ọ̀sì ilé-ìwé náà ti wà lórí ìdúró láti ìgbà tí ẹni tó ń wà á ti lọ. Wọ́n gba bàbá náà síṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí ilé-ìwé wọlé, bọ́ọ̀sì ń rìn, dísìkì ń han, Línúsì ò rí i. Wọ́n fi aṣọ bo kọ̀ǹpútà, wọ́n gba tíṣà ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ilé dípò tíṣà kọ̀ǹpútà, wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó dùn mí dọ́kàn. Ìyá mi jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé a tọrọ dírẹ́bà, Ọlọ́run sì fún wa ní dírẹ́bà. Kí ni mo fẹ́ sọ? Àdúrà gbà, ọ̀dọ̀ mi ni kò yà.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà náà ni mo ṣì ń ṣe. Dírẹ́bà tí mo wá títí wọ inú Línúsì nígbà tó yá. Àwọn tó ń ṣe Línúsì tún ti yọ ọ́ kúrò, wọ́n ní kò sẹ́ni tó ń lo irú káàdì bẹ́ẹ̀ mọ́. Bàbá Àgbàdo ní tirẹ̀ wa bọ́ọ̀sì náà títí àwọn ọmọ rẹ̀ fi jáde ìwé. Bó bá rí mi lọ́nà, á ní èmi ni Ọlọ́run lò fún òun. Mo jókòó lọ́jọ́ kan, mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ káàdì fún un látòkèdélẹ̀, kí ó má baà máa dúpẹ́ ohun tí mi ò ṣe. Ó gbọ́ mi tán.

“Ọmọ mi, ṣé o wá dírẹ́bà, àbí o ò wá?”

“Mo wá a, sà.”

“Ṣé o rí i, àbí o ò rí i?”

Mo ní mo rí i, sà.