Àwo Bíńgò

Òórùn oògùn apakoríko yẹn ṣì wà nímú mi: ó mú bí epo bẹntiróòlù, ó sì ń rùn bí ẹja tó ti bàjẹ́. Ó bo gbogbo àgbàlá wa ní àdúgbò Crusher láàárọ̀ ọjọ́ tí bàbá onílé pe àgbẹ̀ kan láti ọ̀nà Àgbájà kó wá fín koríko. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìsìn agùnbánirọ̀ nígbà náà. Èmi àti Bíńgò, ajá mi, la jọ ń gbé yàrá ẹ̀yìn.

Àgbẹ̀ náà kò rí ohun tí yóò fi wọn oògùn, ló bá mú àwo oúnjẹ Bíńgò. Nígbà tó ṣe tán, ó bu omi sí i lẹ́ẹ̀kan, ó dà á nù, ó gbé e padà. Àwòrán agbárí òkú wà lára ike oògùn náà. Mo ní ká ju àwo yẹn nù, ká sì so ajá mọ́lẹ̀ títí koríko yóò fi gbẹ.

Bàbá onílé rẹ́rìn-ín. "Alákọ̀wé! Oko la fi tọ́ wa dàgbà. Omi ti fọ̀ ọ́. Àbí ajá rẹ ń kàwé ni?"

Mo dákẹ́, torí n kò fẹ́ kí àgbà pè mí ní aláfojúdi. Kí n tó wá okùn dé, Bíńgò ti lá omi tó ṣẹ́kù nínú àwo.

Ní ọ̀sán, ó ń da itọ́, ó ń bì. Ìyàwó bàbá onílé sáré dé: "Ẹ gbé epo pupa wá! Epo lẹ̀rọ̀ májèlé!" Èmi ni mo di orí ajá mú tí wọ́n fi rọ epo sí i lọ́fun. Epo náà gba imú rẹ̀ jáde. Mo sáré gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Dókítà bínú: ẹran tó ń bì, a kì í rọ nǹkan sí i lọ́fun, ó lè wọ ẹ̀dọ̀fóró. Bíńgò kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo béèrè bóyá oògùn ló pa á ni àbí epo. Dókítà ní òun kò lè sọ. Èmi náà kò lè búra.

Lọ́jọ́ kẹta, mo bá bàbá onílé níbi tó ti ń fi àwo yẹn kan náà bu omi fún adìẹ.

"Ọ̀kún o," ló kí mi.

Mo gba àwo náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi òkúta fọ́ ọ níwájú rẹ̀.

"Ẹ má bínú, sà."

"Aláfojúdi!"

Orúkọ tí mo torí rẹ̀ dákẹ́ náà ni mo padà jẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló fi pẹ́.