Áyọ́nù Mi Di Ọmọ Òrukàn

Orí àpò àlùbọ́sà ni mo jókòó sí ní Mile 12, mò ń bá ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣa èyí tó ti jẹrà kúrò nínú ọjà wọn, fóònù mi wà lórí itan. Ọ̀gá tó ń darí ìwádìí mi ní yunifásítì ti ní àwọn máa pè mí láàárọ̀ yẹn. Ojú mi ò kúrò lára fóònù náà.

"Ṣé ìyàwó kejì lò ń retí ni?" Ẹ̀gbọ́n mi ló bi mí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rín ò wá. Èmi olùkọ́ físíìsì ní Kétu, ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń lé oyè ọ̀mọ̀wé. Ohun tí mò ń ṣírò kò ju báyìí lọ: hóró háídírójìn kan tí kò tó ẹ̀wà, bí a bá rọ áyọ́nù, ìyẹn átọ̀mù tó gba iná mọ́nàmọ́ná sára, lù ú yíká lẹ́ẹ̀kan náà, ṣé yóò fún pọ̀ débi tí yóò gbiná bí oòrùn? Àfi bí àwọn kan lókè òkun ṣe fi ìmọ́lẹ̀ lésà ṣe tiwọn, tó sì gbiná. Áyọ́nù ò lẹ́ni púpọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó wá di ọmọ òrukàn. Àwọn tó ń yá wa ní kọ̀ǹpútà ńlá wọn kọ̀wé pé lésà làwọn kọjú sí báyìí. Orí mẹ́rin tí mo ti kọ nínú ìwé ìwádìí mi ń bẹ nílé.

"Ṣé iṣẹ́ tìẹ ò dáa ni?" Ẹ̀gbọ́n mi ló bi mí nígbà tí mo ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn.

"Ó dáa, Àǹtí. Ọjà ló yí."

"Ó ti ṣe mí rí. Lọ́dún tí gbogbo àwọn ọlọ́jà sá lọ sídìí tòmátì, mo ní àlùbọ́sà ni tèmi."

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

"Ó jẹrà. Kí ló tún fẹ́ ṣẹlẹ̀?"

Mo ti rò pé wọ́n fẹ́ tù mí nínú ni.

Fóònù dún. Ọ̀gá mi kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n "Ma" ni mò ń pè wọ́n.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ìgbìmọ̀ tó ń yẹ iṣẹ́ yín wò ní áyọ́nù yín lè dúró, tó bá jẹ́ pé lésà ni yóò máa ta á jáde."

"Orí mẹ́rin tí mo ti kọ ńkọ́, Ma?"

"Orí kejì ṣì wúlò."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan, sà. Àbí kí n sọ fún wọn pé ẹ ò ṣe mọ́?"

"Rárá, Ma! Mò ń ṣe é." Ẹnu mi ti sọ ọ́ kí n tó rò ó.

Bí mo ṣe gbé fóònù sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ní, "Wọ́n lé ẹ ni?"

"Wọn ò lé mi. Wọ́n ní kí n tún un bẹ̀rẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi ju àlùbọ́sà kan tó jẹrà sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́ gan-an?"

Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Mi ò kàn lè pè é lẹ́nu ni.