Iṣu Tí A Gbé Lọ Bẹ Olówó Bọ́ọ̀lù

Ọdún tí igi ńlá wó lu òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Forestville, ní Amẹ́ríkà, tí a lọ ń sìn nínú gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan títí òtútù fi dé, ọdún náà ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kó kúrò ní àdúgbò wa. Èmi kò mọ bí wọ́n ṣe ń ka ọdún sórí ìwé. Igi yẹn ni mo fi mọ̀ ọ́n. Ọmọ ọmọ mi tó ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí ní òun lè wá ọdún náà jáde nínú fóònù. Mo ní kó fi í sílẹ̀. Ẹni tó wà níbẹ̀ mọ ìgbà tí mò ń sọ.

Àkọ́bí wa obìnrin ló mú èmi àti bàbá rẹ̀ wá láti Ìbàdàn. Nọ́ọ̀sì ni. Ilé rẹ̀ wà ní Kettering, ilé tó dára, pẹ̀lú koríko níwájú àti lẹ́yìn. Ó máa ń jáde lọ sí ọsibítù kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Ọkọ rẹ̀ á gbé mọ́tò lọ sí DC, àwọn ọmọ á wọ bọ́ọ̀sì ilé-ìwé, ilé á wá dákẹ́ rọ́rọ́. Èmi àti bàbá wọn á jókòó, a ó máa wo ọ̀kẹ́rẹ́ lórí fẹ́ǹsì.

Bíríkìlà ni ọkọ mi nílé. Àdúgbò wa ní Ìbàdàn, ilé tí kò fọwọ́ kàn níbẹ̀ kò pọ̀. Bó bá jáde pé òun ń lọ ra nǹkan, kíkí ni wọn kò ní jẹ́ kó tètè débẹ̀. Ní Kettering, ó gbé àga síwájú ilé. Ó kí ọkùnrin kan tó ń mú ajá rìn. Ọkùnrin náà ti fi nǹkan dí etí, kò gbọ́. Ó kí obìnrin kan tó ń sáré. Ìyẹn na ọwọ́ sókè, kò dúró. Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ kan ó gbé àga wọlé, ó ní, “Ìyá wọn, àbí mo ti kú ni, tí ẹnikẹ́ni kò rí mi?”

Mo ní, “Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, bàbá wọn. Èmi ń rí yín.”

Ó ní, “Ìwọ ọ̀hún náà ńkọ́? Ta ló rí ìwọ?”

Mo bá a gbé àga náà sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ọkùnrin kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa, tó jẹ oyè Bàbá Ìjọ, ló bá a wá iṣẹ́ sí pápá bọ́ọ̀lù. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tí a mọ̀ o. Èyí tí wọ́n ń fi igi gbá ni, bésíbọ́ọ̀lù. Iṣẹ́ ni àwọn tó ń gbá a fi ṣe, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ ńlá. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń retí kí ẹgbẹ́ ńlá wá mú wọn ló pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n fún ọkọ mi ní apá ibì kan kó máa mójú tó o. Kó fi aṣọ nu ìrì kúrò lórí ìjókòó, kó sì fi àyè han ẹni tó bá wọlé.

Níbẹ̀rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń kí wọn, wọ́n kàn ń mi orí ni. Ó wá di ọjọ́ kan, ó gbàgbé ara rẹ̀, Yorùbá bọ́ lẹ́nu rẹ̀: “Ẹ kú ìjókòó o!”

Ìyá àgbàlagbà kan yí ojú padà. Ìyá dúdú ọmọ Amẹ́ríkà ni, ará Fort Washington, tí kì í wá láìdé fìlà koríko ńlá kan. Ó béèrè ohun tó wí. Gẹ̀ẹ́sì ọkọ mi kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó tó ìyẹn í sọ. Ó ní òun ń kí i pé ó jókòó.

“Ẹ̀yin ń kí èèyàn nítorí pé ó jókòó?”

“A ń kí ẹni tó jókòó. A ń kí ẹni tó dúró.”

“Ẹni tó ń jẹun ńkọ́?”

“Ìyẹn ló máa kọ́kọ́ kí wa. Á ní ká wá jẹun.”

Lójú ẹsẹ̀ ni ìyá náà na ànàmọ́ díndín tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí i pé kó wá jẹun. Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ó di “Papa” lẹ́nu gbogbo wọn. Bó bá ti ní “Ẹ kú ìjókòó,” gbogbo ibẹ̀ á dáhùn, “Ooo!” Dúdú, funfun, ọmọdé. Bí ọmọ ẹgbẹ́ wọn kan bá fi igi gbá afẹ́fẹ́ dípò bọ́ọ̀lù, ìyá yẹn á dìde, á pariwo èyí tí ọkọ mi kọ́ ọ sí i nínú pápá pé, “Ẹ kú ìrọ́jú!” Ọmọ ọlọ́mọ kò mọ̀ bóyá èébú ni.

Bó bá délé, mo máa ń bi í pé, “Ta ló borí lónìí?”

“Èmi ò mọ̀. Wọ́n dìde, mo dìde. Wọ́n jókòó, mo kí wọn.”

Ara rẹ̀ yá. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ aṣọ. Ó ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ti ọjà dé.

Ìgbà tó yá, ẹni tó ni ẹgbẹ́ náà àti ìjọba county, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọ̀rọ̀. Olówó ní pápá ti gbó, kí ìjọba tún un ṣe. Ìjọba ní olówó náà ló ń jẹ èrè ibẹ̀, kó tún un ṣe fúnra rẹ̀. Ìlú kan lápá gúúsù bá ránṣẹ́ pè é pé kó máa bọ̀, àwọn á kọ́ tuntun fún un. Wàhálà bá dé. Ìyá onífìlà kó èèyàn jọ, wọ́n ń gbé pátákó kiri ẹnu ọ̀nà pápá, wọ́n ń pariwo pé ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ lọ. Ó na pátákó kan sí ọkọ mi.

“Papa, mú tìrẹ.”

Ọkọ mi kò gbà á. Nígbà tó délé ló sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Ó ní, “Ta ló ń gbé pátákó dojú kọ ẹni tó fẹ́ kó ṣàánú òun? Ẹ̀bẹ̀ là ń bẹ òṣìkà kó tú ìlú ṣe. Ṣé ẹnì kankan ti lọ bẹ ọkùnrin yẹn? Wọ́n kàn ń bú u ni.”

Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu. Ọ̀nà wa ni. A lọ sí ilé ìtajà àwọn ará Áfíríkà, a yan iṣu kan tó gùn, tó dán, tí kò ní egbò lára. Bàbá Ìjọ, tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì jù wá lọ, bá wa gba àyè, ó sì fi mọ́tò rẹ̀ gbé wa lọ sí ọ́fíìsì olówó náà. Ìró àti bùbá tí mo fi ń gba ara Olúwa ni mo wọ̀.

Bí a ṣe wọlé báyìí, ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì. Èmi kúnlẹ̀.

Olówó fò dìde. “Ó ti ṣubú! Ẹ pe àńbúláǹsì!”

“Rárá, sà,” Bàbá Ìjọ ní, “kò ṣubú. Ó ń bẹ̀ yín ni. Ó ní kí ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ.”

Ojú ọkùnrin náà pọ́n. Kò ní ojú ìkà, kí n má parọ́ mọ́ ọn. Òun fúnra rẹ̀ ló fa ọkọ mi dìde, ó gbọn ìdọ̀tí kápẹ́ẹ̀tì kúrò ní orúnkún rẹ̀. Ọkọ mi gbé iṣu náà fún un. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó ń yí i wò.

“Ṣé igi ni?”

“Oúnjẹ ni, sà. Ẹ máa sè é ni.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé iṣu náà lé apá bí ọmọ ọwọ́, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan ya fọ́tò gbogbo wa. Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, ó di ọwọ́ ọkọ mi mú. Bàbá Ìjọ túmọ̀ rẹ̀ fún wa: ó ní títí ayé òun, òun kò ní gbàgbé wa.

Nínú mọ́tò, ọkọ mi ní, “Ó ti parí.”

Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Nílé wa, bí o bá lọ bẹ àgbà, tí kò bá fẹ́ gbẹ̀bẹ̀, kò ní fọwọ́ kan ohun tí o gbé wá. Á ní kí o gbé e padà. Bó bá ti lè gbà á, ọ̀rọ̀ tán nìyẹn, wàá lọ sùn. Ẹni tó bá gba ẹrù ẹlẹ́bẹ̀ tí kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀, ojú á tì í láàrin ẹgbẹ́ rẹ̀. Bàbá Ìjọ tó ti pẹ́ ní Amẹ́ríkà jù wá lọ, òun náà ní ọ̀rọ̀ ti bọ́ sí i.

Ọmọ wa nọ́ọ̀sì nìkan ni ara rẹ̀ kò balẹ̀. “Bàbá mi, ṣé ó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun kò lọ mọ́?”

“Ó gba iṣu.”

“Mo gbọ́, sà. Ṣé ó sọ ọ́?”

“Ó ní òun kò ní gbàgbé wa láéláé.”

“Bàbá mi, ẹni tó ń lọ kọ́ ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀?”

Ọkọ mi bínú. “Ìwọ, òyìnbó ti kọ́ ọ débi pé o ò mọ ìgbà tí àgbà gbẹ̀bẹ̀ mọ́.”

Ọmọ náà ti bá a rí iṣẹ́ mìíràn, ní ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, kó máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kó máa kí àwọn tó ń bọ̀. Ṣẹ́ ẹ rí i, iṣẹ́ tó yẹ ẹ́ ni. Ó bẹ̀ ẹ́ títí. Ọkọ mi ní òun kò ní fi àwọn èèyàn òun sílẹ̀ nígbà tí wọn kò fi òun sílẹ̀. Wọ́n fi ẹlòmíràn sí i.

Ó wá lọ bá àwọn tó ń jókòó lọ́dọ̀ rẹ̀ ní pápá, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀. “Kò lọ mọ́. Mo ti bẹ̀ ẹ́.” Wọ́n gbà á gbọ́, nítorí wọn kò gbọ́ irọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ìjọba pe ìpàdé kí àwọn ará ìlú wá sọ tẹnu wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lọ. Ìyá onífìlà náà jókòó sílé rẹ̀ ní Fort Washington.

Kò pẹ́ sí ìpàdé yẹn tó fi jáde lórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹgbẹ́ ń lọ. Wọ́n ti fọwọ́ síwèé. Wọ́n gbé olówó náà jáde, ó ń sọ̀rọ̀, fọ́tò wa wá yọ lẹ́yìn rẹ̀: òun pẹ̀lú iṣu lọ́wọ́, ọkọ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èmi pẹ̀lú gèlè mi. Mo ní kí ọmọ mi sọ ohun tó ń wí. Kò kọ́kọ́ fẹ́ sọ.

“Màámi, ó ní kì í ṣe gbogbo ará county ló ń bínú sí òun. Ó ní àwọn àgbà ilẹ̀ Áfíríkà tilẹ̀ gbé oúnjẹ wá fún òun, láti fi dágbére.”

Ọkọ mi ní, “Dágbére kẹ̀?” Ó tún ní, “Dágbére kẹ̀?” Ó dìde, ó wọ yàrá.

Ọjọ́ tí wọ́n gbá èyí tó kẹ́yìn, mo bá a lọ. Àwọn èèyàn jókòó, wọn ò wò wá. Ó ní, “Ẹ kú ìjókòó o.” Ọmọdé kan fẹ́ dáhùn, ìyá rẹ̀ fọwọ́ kàn án. Ìyá onífìlà wà níbẹ̀. Kò pariwo. Ì bá pariwo, ì bá sàn fún wa.

Ohun tó sọ, tí ọkọ mi túmọ̀ fún mi lẹ́yìn náà, ni pé, “Papa, o lọ dágbére fún un, o sì ní kí èmi jókòó sílé?”

Ọkọ mi la ẹnu. Báwo ló ṣe máa fi Gẹ̀ẹ́sì kékeré yẹn ṣàlàyé ẹ̀bẹ̀ fún un, àti ọwọ́ méjèèjì, àti pé kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n nílé wa? Èmi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá, mi ò lè bá a sọ ọ́. Ó bá ní, “Ẹ kú ìrọ́jú, mà.”

Ìyá náà yí ojú sí pápá.

Wọ́n ti pápá náà pa. Ọkọ mi kò gbé àga síwájú ilé mọ́. Bí mo bá kí i láàárọ̀, orí ló ń mì, bíi tàwọn ará ibẹ̀ nígbà tó kọ́kọ́ débẹ̀. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ọkàn rẹ̀ dára, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dára. Wọ́n fún un ní oògùn kan, ó ń lò ó. Oorun ló ń fún un.

Nígbà tí ooru ọdún kejì dé, àwọn ọmọ mi fi orí korí, wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì kí wọ́n lè gbé bàbá wọn lọ wo ẹgbẹ́ ńlá tó wà ní DC. Inú wọn ń dùn. Wọ́n ti ra fìlà ẹgbẹ́ náà fún un. Mo pè wọ́n sí kíṣínì, mo ti ilẹ̀kùn kí ó má baà gbọ́.

Mo ní, “Ẹ ṣeun, ẹ ó rí ẹni tọ́jú yín. Ṣùgbọ́n ẹ fi í sílẹ̀. Bàbá yín kò mọ ẹni tó ń borí nínú bọ́ọ̀lù yẹn títí dòní. Àwọn tó ń dá a lóhùn ló ń lọ bá níbẹ̀, àwọn yẹn sì ti gbà pé ó ta àwọn. Kò sí ibi tí ẹ lè wa mọ́tò dé tí ẹ ó ti rí wọn. Èmi náà ti wá a tì.”