Wọ́n Dá Tálì Keje Padà Lẹ́ẹ̀mejì

Bí aago méjìlá ọ̀sán bá ti lù, kọ̀ǹpútà tó ń fi ìka ọwọ́ dá aláìsàn mọ̀ ní kílíníìkì kan ní Ìkẹ́rẹ́ á dákú. Comfort, nọ́ọ̀sì tó ń pín tálì onínọ́ńbà fáwọn aláìsàn, á pa á. "Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ ó sinmi." Àwọn ìyálọ́mọ á sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì fún odidi wákàtí kan. Ọdún méjì gbáko! Kò sẹ́ni tó bèèrè bóyá ó máa ń rẹ irin.

Morákinyọ̀ ló kọ ètò náà kó tó jápa. Nígbà tí Mùjídátù, tí wọ́n gbà sípò rẹ̀, ṣí i wò, ó rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́. Ìgbàkígbà tí ètò bá fẹ́ lo ẹ̀rọ ìka, kọ̀ǹpútà á yá a ní nọ́ńbà kan tí yóò fi dì í mú. Tó bá lò ó tán, kó dá a padà ni. Morákinyọ̀ ò dá ọ̀kan padà; bó bá di ọ̀sán, nọ́ńbà á tán, àfi kí wọ́n pa kọ̀ǹpútà kí gbogbo wọn tó padà. Ó gbà pé agbálẹ̀ inú ètò á palẹ̀ wọn mọ́. Agbálẹ̀ ilé rẹ ló máa mọ garawa tí o yá nílé kejì?

Dókítà Ọ̀ṣuntókun, tó ni kílíníìkì, ò fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀: "Tó bá tún kú ní Ọjọ́bọ̀ tí a ń gún àwọn ọmọ lábẹ́rẹ́, ìwé la ó padà sí. Ìwọ náà á padà sílé."

Mùjídátù fi àṣẹ ìdápadà síbi tí iṣẹ́ ti ń parí, ó tún fi òmíràn síbi tí àṣìṣe ti ń ṣẹlẹ̀. Kọ̀ǹpútà ò dákú mọ́, àmọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ń tẹ káàdì aláìsàn wá ń kú kí káàdì tó jáde tán. Ó wá ìdí rẹ̀ títí, kò rí i.

Ní Ọjọ́rú, yàrá dókítà ránṣẹ́ pé aláìsàn tó ni tálì keje ti parí. Comfort gba tálì náà, ó fi fún Sàúdátù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́mọ dé. Ibi oògùn tún rán iṣẹ́ kan náà nípa aláìsàn àkọ́kọ́ yẹn, ni Comfort bá pariwo:

"Nọ́ńbà keje, a ti ṣe tán fún ẹ, máa lọ ulé!"

"Èmi kẹ̀? Dókítà ò tíì rí ọmọ mi!"

"Kí ló wà lọ́wọ́ ẹ? Ṣé kì í ṣe méje ni? Olójúkòkòrò!"

Mùjídátù dìde fùú. Ohun tí òun ṣe gan-an nìyẹn! Bí àṣìṣe bá ṣẹlẹ̀, àṣẹ òun méjèèjì á dá nọ́ńbà kan náà padà lẹ́ẹ̀mejì; nígbà tí ẹlẹ́ẹ̀kejì fi máa dé, kọ̀ǹpútà á ti yá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní nọ́ńbà yẹn, á sì já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó kó gbogbo àṣẹ náà dànù. Ó fi olùṣọ́ kan ti nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan: òun nìkan ló ń dì í mú, ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń dá a padà, ìbáà jẹ́ pé iṣẹ́ dojú rú lójijì.

Ní Ọjọ́bọ̀, aago méjìlá lù. Ọwọ́ Comfort ti dé ibi ìpaná.

"Àǹtí, ẹ má fọwọ́ kàn án!"

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ pa á ni?"

Kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Dókítà ní kí Mùjídátù máa bá iṣẹ́ lọ.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ó jáde lọ ra ẹ̀wà. Nígbà tó padà dé, ìyálọ́mọ mẹ́sàn-án ló wà lórí bẹ́ǹṣì, kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn.

"Ó ṣiṣẹ́ jù lánàá," ni Comfort wí. "Ẹ jẹ́ ó sinmi."

Mùjídátù tutọ́ sílẹ̀, ó lọ tàn án.