Wáìnì Tí Mo Pè Ní Àbùlà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí n tó ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́: èmi ni mo jẹ̀bi. Ẹnu mi yìí ló fà á.

Sẹ́kọ́nà ni mo dàgbà sí, lọ́dọ̀ bàbá àgbà mi tó ń dá ẹmu. N ò kàwé púpọ̀. Àmọ́ ohun kan dá mi lójú: ẹmu tí wọ́n bá bu omi là, àbùlà nìyẹn, olè sì lẹni tó tà á. Bàbá àgbà kì í fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣeré rárá!

Nígbà tó yá, mo ríṣẹ́ sí ilé ìtura kan níbí, l'Ẹ́dẹ, mò ń gbé oúnjẹ fún àlejò. Bùrọ̀dá Fẹ́mi ló wà nídìí báà, níbi tí wọ́n ti ń ta ọtí. Ẹni jẹ́jẹ́ ni wọ́n. Tí wọ́n bá ń fọ gíláàsì, ẹ ó rò pé ọmọ tuntun ni wọ́n ń wẹ̀ fún.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjò ń rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, Bùrọ̀dá Fẹ́mi ṣí wáìnì funfun kan fún bàbá kan tó wá sùn sọ́dọ̀ wa. Wọ́n sọ fún mi pé oríṣi èso àjàrà méjì ni wọ́n pò pọ̀ fi ṣe é, àti pé dúráì ni. Mo ní ṣé omi náà máa ń gbẹ ni? Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kò ní ṣúgà ló túmọ̀ sí.

Pò pọ̀ kẹ̀? Ibẹ̀ ni etí mi dúró sí o!

Ìgbà tí bàbá àlejò bi mí pé kí ló dé tí wáìnì ọ̀hún kan báyìí, n ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo bẹ̀rẹ̀ sétí wọn, mo ní, "Bàbá, àbùlà ni."

Háà! Bàbá fò dìde. "Àbùlà! Ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni?"

Ọ̀gá wa obìnrin sáré jáde. Bùrọ̀dá Fẹ́mi ní láti ibi tí wọ́n ti ṣe é ni wọ́n ti pò ó, àmọ́ ọ̀gá ò jẹ́ kí wọ́n parí ẹ̀. "O tún lẹ́nu ọ̀rọ̀! Kó ẹrù ẹ!" Ọ̀gá wá kọjú sí mi pé kí ni mo rí. Mo mọ̀ pé n ò rí ẹnikẹ́ni kó bu omi sí nǹkankan. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní n ò mọ̀.

Kí Bùrọ̀dá Fẹ́mi tó lọ, wọ́n pè mí sẹ́yìnkùlé, wọ́n da díẹ̀ tó kù nínú ìgò sí gíláàsì fún mi. Wọ́n ní kí n gbọ́ òórùn ẹ̀ ná, kí n jẹ́ kó ká mi lẹ́nu. "Má wá adùn kiri. Kò sí níbẹ̀."

Mo dijú. Òórùn èèpo ọsàn tútù ló kọ́kọ́ dé. Lẹ́yìn ẹ̀, bíi máńgòrò tí ò tíì pọ́n, ó ta mí lahọ́n. Nǹkan jẹ́jẹ́ kan wá ń tẹ̀ lé e bọ̀, bí oyin tí adùn ẹ̀ ti lọ, tó ku òórùn nìkan. Òjò ń kán lórí páànù. Àfi bí àlá, mo bá ara mi nídìí ọ̀pẹ ní Sẹ́kọ́nà, ìrì ń rin mí lẹ́sẹ̀. Bàbá àgbà sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀pẹ kan, ẹmu ibẹ̀ kan. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lórí èkejì, ìyẹn dùn. Wọ́n da méjèèjì sínú kèrègbè kan, wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n ní, "Èyí tó kan ló ń jí èyí tó dùn."

Mo lajú. Bàbá àgbà mi náà ń pò ó! Wọn ò bu omi là á rí, àmọ́ wọ́n ń pò ó!

Mo ní, "Bùrọ̀dá, kì í ṣe àbùlà."

Wọ́n gbé báàgì wọn kọ́ èjìká. "Èmi kọ́ ló yẹ kó o sọ ọ́ fún." Wọ́n gun ọ̀kadà, ó di Awo, nílé ìyá wọn.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé ká tọ́ ọ̀rọ̀ wò lẹ́nu ara wa, ká tó bù ú fún ẹlòmíì. Ṣé ẹ̀yin náà ti fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnìkan rí? Báwo lẹ ṣe tún un ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi.

Nítorí mo ṣì ń kí ọ̀gá láràárọ̀, mo sì ń kọjá lọ. Gbólóhùn tí mo sọ lẹ́yìnkùlé yẹn, mo ṣì jẹ Bùrọ̀dá Fẹ́mi ní gbèsè àtisọ ọ́ níwájú ọ̀gá.