Súwẹ́tà Tí Alágbàfọ̀ Fọ̀

Alágbàfọ̀ ni, Mọ́-Ṣáká sì ni àwọn oníbàárà ń pè é. Kò sí àbàwọ́n tí kì í sá fún un: ọ́ìlì ọkọ̀, yíǹkì, ẹ̀jẹ̀. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, aṣọ nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọmọbìnrin rẹ̀ fi mú un lọ sọ́dọ̀ Ìyá Ológbò, obìnrin tó ń gba àwọn ológbò tí kò lẹ́ni mọ́ sílé.

Abo dúdú kan ló kàn án. Tíṣà obìnrin àgbàlagbà kan tó ń dá gbé ló tọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n já ilẹ̀kùn, tíṣà ti kú, ológbò sì ká jọ sórí súwẹ́tà rẹ̀.

"Bàbá, yàrá kan péré ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi í sí," ni Ìyá Ológbò wí. "Ẹ má fà á. Ẹ jẹ́ kó fúnra rẹ̀ wá bá yín. Súwẹ́tà yìí náà, ẹ tẹ́ ẹ síbi tó bá sùn."

Ìyá Ológbò ń búra pé òun kìlọ̀ pé kó má fọ̀ ọ́. Mọ́-Ṣáká ní kò sọ ọ́. Ọmọbìnrin rẹ̀ tó wà níbẹ̀ ní òun ò rántí.

Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni ológbò wọ̀ lọ. Mọ́-Ṣáká a jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, a máa ròyìn kọ́là àti bọ́tìnnì fún ojú méjì tó ń tàn nínú òkùnkùn. Oníbàárà kan yọjú, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Mọ́-Ṣáká! Ẹ má fi sítáàṣì sí i nírù o!"

"Ẹnu tìẹ ni n ó kọ́kọ́ lọ̀."

Ó pẹ́, ó yá, ológbò jáde. Ó jẹ ẹja lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi orí ra á lórúnkún. Inú bàbá dùn débi pé kò mọ ohun tí yóò fún un. Ó wo súwẹ́tà: irun, ìtọ̀, òórùn ogbó. Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n ṣe fún ẹni tó bá fẹ́ràn ló ṣe: ó rẹ ẹ́, ó fọ̀ ọ́, ó sá a sóòrùn, ó lọ̀ ọ́, ó sì tẹ́ ẹ padà bí ẹni gbé ẹ̀bùn kalẹ̀.

Ológbò gbóòórùn rẹ̀ níhìn-ín, ó gbóòórùn rẹ̀ lọ́hùn-ún. Ó fi èékánná tú u wò. Ló bá ké. Mọ́-Ṣáká kò gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀ rí lẹ́nu ẹranko. Ológbò padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó kọjú sí ògiri, kò sì fẹnu kan nǹkan kan mọ́ títí egungun ẹ̀yìn rẹ̀ fi ṣeé kà.

Nígbà tí Ìyá Ológbò dé, ó gbé súwẹ́tà símú.

"Ẹ fọ̀ ọ́?"

"Ó dọ̀tí ni."

"Háà, Bàbá. Òórùn ìyá tíṣà yẹn nìkan ló kù fún un láyé."

"Ẹ bá mi mú un lọ," ni bàbá wí. "Kó má kú sí mi lọ́wọ́."

Wọ́n gbé e lọ nínú àgò. Nígbà tí ọmọbìnrin rẹ̀ sìn wọ́n sọ́nà tó padà wọlé, ó bá bàbá nídìí àpótí aṣọ ìyá rẹ̀. Kété lẹ́yìn ìsìnkú ni bàbá ti fọ gbogbo wọn, tó lọ̀ wọ́n, tó ká wọn. Ní báyìí, ó ń tú wọn, ó ń gbé wọn símú lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Dádì, kí lẹ̀ ń wá?"

"Ìyá rẹ."

Blọ́ùsì tó gbẹ̀yìn ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọṣẹ ló ń ta sánsán lára rẹ̀.