Ìró Aláwọ̀ Ọsàn Lórí Okùn Aṣọ

Mo rántí ìgbà tí mo ń gbé ilé ìgbé akẹ́kọ̀ọ́ ní Bódìjà, tí mo sì ń rí ẹ̀yìnkùlé ilé wa láti ojú fèrèsé yàrá wa lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Àwọn ẹgbẹ́ mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ilé mi ò ju ìsọ̀kò lọ, mo wá ń sùn nílé ìwé. Wọn ò mọ̀ pé ara ìyá mi ni kò yá. Bàbá mi ló ní kí n máa gbé ibẹ̀ títí n ó fi ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá tán. “Tí ara ìyá rẹ bá yá, wàá padà wálé,” ni wọ́n wí.

Ìyá mi ní ìró àǹkárá aláwọ̀ ọsàn kan tí wọ́n fi ń bora lórí àìsàn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tó wá láti Ṣakí wá tọ́jú wọn, a máa fọ̀ ọ́ sá láràárọ̀ Sátidé. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Okùn aṣọ ni èmi fi tèmi ṣọ́. Tí mo bá ti rí ìró yẹn, mo mọ̀ pé ìyá mi ṣì wà, n óò sì jẹ ẹ̀wà oníkòkòrò ilé ìwé bí ẹni ń jẹ iyán. Mo gbọ́n lójú ara mi gan-an.

Nígbà tí bàbá mi wá lọ́jọ́ àbẹ̀wò, mo ní, “Ẹ bá mi sọ fún wọn pé mo ń rí ìró wọn.” Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n ní àwọn óò jíṣẹ́. Lọ́jọ́ àbẹ̀wò kejì, wọn ò wá, ìrẹsì ni wọ́n fi ránṣẹ́. Ó dùn mí wọra, ṣùgbọ́n ìró ṣì wà lórí okùn.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé ìparí ìdánwò, mo gbé àpótí mi rù, ó di ilé. Mo bá ìró lórí okùn. Mo wọlé, mi ò bá bẹ́ẹ̀dì ìyá mi.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi dì mí mú. “Ìyá rẹ ló ní ká máa sá a,” ni wọ́n wí. “Ó ní tí o ò bá rí i, o ò ní lè kọ̀wé.”

Kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti sin ìyá mi sí Ṣakí.

Mo yege. Àwọn àgbà ní àrùn la lè wò, a ò rí tọlọ́jọ́ ṣe, mo sì gbà. Èmi náà ti dàgbà ju ìyá mi lọ báyìí. Àwọn Sátidé yẹn ni kò jẹ́ kí n sinmi. Wọ́n ti sin ìyá mi, èmi ń dúpẹ́ lójú fèrèsé.